Ẹ Bi Alákúbà: Kí Ló Máa Ń Ṣe Ẹsẹ̀ Wa Tí Bándì Bá Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin tèmi. Nínú ẹ̀dà tó jáde kọjá, gbólóhùn kan péré ni mo jù sílẹ̀ lójú ewé yìí, mo ní kò sí sípíkà tó lè mú èèyàn jó bí ìlù tí wọ́n ń lù lójú ẹni, mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Ìbéèrè tó wọlé lórí ẹ̀ kọjá ohun tójú ewé kan lè gbà, àwọn kan kọ ọ́, àwọn kan gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp, bàbá kan tiẹ̀ kọrin sínú tiẹ̀. Mo ṣa díẹ̀ nínú ẹ̀. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ mí, ọdún 19 ni mo fi lu àkúbà lẹ́yìn ọ̀gá olórin jùjú kan n'Íbàdàn, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì le bí èèpo igi títí dòní, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí tí mo kà ni mo fi kún un.

*Ẹ̀gbọ́n Alákúbà, ẹ kú iṣẹ́. Orin kan wà tí mo máa ń gbọ́ nílé, nínú fóònù, nínú ọkọ̀, mi ò kí ń mira. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá a lọ síbi ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bándì kan wá, orin yẹn náà ni wọ́n kọ, kí n tó mọ̀ mo ti wà láàárín agbo, èmi tí orúnkún ń dùn! Ọkọ mi ní mo ti mutí. Málítì kan ṣoṣo ni mo mu o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣàlàyé fún un. Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.*

Ìyá Ìbejì, ẹ ní kí Bàbá Ìbejì jókòó dáadáa kí wọ́n ka èyí. Ó máa gùn díẹ̀ o.

Orin inú fóònù yín ò rí yín. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò ẹ ò sí níbẹ̀, bẹ́ ẹ jó, bẹ́ ẹ sùn, bẹ́ ẹ ń rẹ́ ilá, ibi tó máa parí sí náà ló máa parí sí. Bándì tó wà níwájú yín ń wò yín. Ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wò wọ́n, àwọn ló ń wò yín jù.

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí iṣẹ́ díẹ̀. Onígángan tó bá mọṣẹ́ kìí wo ìlù tó ń lù, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀nà. Abẹ́ tábìlì ló máa ń wò. Ó ń wá ẹsẹ̀ tó ti ń gbọ̀n. Ẹ lè fajúro kẹ́ ẹ máa jẹ mọ́ínmọ́ín yín jẹ́jẹ́, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín bá ti ń tẹlẹ̀, ó ti rí yín. Ó máa ṣẹ́jú sí ọ̀gá, ọ̀gá máa sún kúrò nídìí máìkì, gìtá máa rọlẹ̀, èmi tí mo wà nídìí àkúbà á máa fi ọwọ́ kan ṣoṣo lù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan lá máa lọ bó ṣe ń lọ, gbogbo gbọ̀ngàn á wá dà bí ẹni tó fa èémí sínú tí ò tíì mí in jáde. Ìgbà yẹn ló máa wá fún ọsán ìlù ẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, á kọjú sí yín, á pe orúkọ yín.

Dò-dò-mí.

Àbẹ̀ní. Ṣé oríkì yín nìyẹn? Tó bá jẹ́ Àdùkẹ́ ńkọ́? Dò-dò-mí náà ni. Àṣàkẹ́, dò-dò-mí. Àbẹ̀kẹ́, òun náà ni. Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin: Àkànní, Àlàbí, Àjàní, Àyìndé, Àkàndé, gbogbo wọn pátá, dò-dò-mí! Ìlù ò ní ètè tó máa fi pe bí tàbí kẹ́, ohùn tó ń lọ sókè sódò ló ní, nítorí náà onígángan tó bá ti lu ohùn mẹ́ta yẹn ti ju àwọ̀n sódò nìyẹn, ẹja tó máa kó ò níye, ogún èèyàn ló máa rò pé àwọn gan-an ló ń bá wí. Àjọkẹ́ àti Àjíkẹ́ ló máa jókòó torí ohùn tiwọn yàtọ̀. (Mo ti rí Àjọkẹ́ kan tó bínú lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, kìí ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní kí ló dé tí wọ́n pe gbogbo ìyàwó ilé tí wọ́n fo òun.) Tó bá wá jẹ́ pé ó mọ ilé yín, á fi oríkì ìdílé tì í lẹ́yìn, kò wá sí bó ṣe lè jẹ́ ti ẹlòmíì mọ́. Ta ni wọ́n máa fi ìlù pè ní gbangba bẹ́ẹ̀, níwájú àna, níwájú ọ̀rẹ́, tí á máa wo mọ́ínmọ́ín? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin mọ́ nígbà yẹn, wọ́n pe èèyàn, ó jẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá wá ti dìde, ẹ̀yin náà ti di ara bándì. Ẹ rọra tẹ ọ̀tún, onílù á rọra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bá yín lọ sílẹ̀, á máa fi ọ̀pá fín awọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ẹ máa fi dìde, ẹ gbé èjìká, á já a gbà! Ibi tó bá dùn nínú orin, ẹ̀rọ ò lè dúró síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ, bándì lè pàgọ́ síbẹ̀. A ti fi orin tí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ nínú àwo ṣe ogójì ìṣẹ́jú rí torí ìyá ìyàwó kan tó ní òun ò tíì ṣe tán. Ẹ rántí àwo ńlá ayé ọdún 1970 sí 1980, bí Ebenezer Obey àti Sunny Ade ṣe máa ń so orin mọ́ orin láìdánu dúró, tí odindi ojú àwo kan á jẹ́ ìlù kan náà tó ń ṣẹ́ kọ́nà. Òde àríyá ni wọ́n ń gbìyànjú àtikó sínú àwo, wọ́n sì gbìyànjú gan, àmọ́ abẹ́rẹ́ á ṣì dé etí àwo, ẹnì kan á dìde lọ yí i, ijó ti tutù.

Àwọn kan máa ní torí pé èèyàn mọ orin náà tẹ́lẹ̀ ni. Rárá o. Ẹ wo Fela. Orin tó bá ti gbé jáde lórí àwo, kò kí ń kọ ọ́ mọ́ ní Shrine, ilé eré tiẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí ló máa ń kọ, ìlù àti fèrè á ti lọ títí kó tó la ẹnu, àwọn èèyàn ò mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, wọ́n sì ń jó. Tony Allen ló wà nídìí ìlù fún un títí di 1979, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, ìkọ̀ọ̀kan ń sọ tiẹ̀, ara yín á kàn mú èyí tó bá bá a mu níbẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Òkú àgbà ni, ní ìlú kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, aago kan òru ti kọjá, jẹnẹrétọ̀ kú. Gìtá mẹ́ta, bésì, kíbọ́ọ̀dù, máìkì, iná, gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Òkùnkùn biribiri. Mo ní ó parí, wọ́n máa lọ jókòó. Ṣùgbọ́n onígángan wa ò dúró, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò dúró, agogo ò dúró, èmi náà ò wá lè dúró. Ló bá di pé ohun tí à ń gbọ́ ò ju ìlù àti ẹsẹ̀ lọ, shà, shà, shà, ẹsẹ̀ èèyàn bí igba lórí yanrìn, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ti di omele. Obìnrin kan tí mi ò rí ojú ẹ̀ títí dòní dá orin, gbogbo agbo gbè é. Nígbà tí wọ́n máa fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe tí iná dé, àwọn tó ṣì wà lórí àga ò ju mẹ́wàá lọ, ìyá àgbà kan ti fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ ẹ̀ sórí tábìlì láàárín ìgò ọtí, kò tiẹ̀ bojú wo ibẹ̀. Ọ̀gá mi sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀ pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti fọwọ́ ara òun pa jẹnẹrétọ̀ yẹn láti aago mẹ́wàá.

Nítorí náà Bàbá Ìbejì, ìyàwó yín ò mutí. Ti orúnkún yẹn, ẹ lọ fi han dókítà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ onílù.

*Bọ̀dá mi, mi ò gbà fún yín. Ní Peckham níbí, DJ kan ṣoṣo pẹ̀lú sípíkà méjì tó ga ju èmi lọ, kò sẹ́ni tó ń jókòó. Ṣé kì í ṣe bésì yẹn náà ni gbogbo ẹ̀ ni? Ọmọ Ẹ̀gbá, London.*

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ò parọ́, mi ò sì ní bá DJ jà, àwọn náà ní láti jẹun. Bésì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe tiẹ̀ ju èyí tẹ́ ẹ mọ̀ lọ. Ní yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n dìídì kọ́ fún ìwádìí orin. Àwọn olórin méjì kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣeré, Orphx lorúkọ wọn, wá ṣeré níbẹ̀, wọ́n wé nǹkan mọ́ orí àwọn kan nínú èrò tó ń wọn bí wọ́n ṣe ń mira, wọ́n wá fi sípíkà mìíràn pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà, sípíkà tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé jáde, tó lọ sílẹ̀ débi pé àwọn èèyàn ò mọ̀ pé ó ń dún. Wọ́n á tan án fún ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, wọ́n á pa á fún ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, títí eré fi parí. Ní 2022 tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde, ìmira àwọn èèyàn fi bí ìdá 12 nínú 100 pọ̀ sí i nígbàkigbà tí kiní yẹn bá wà ní títàn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó tàn. Daniel Cameron tó ṣáájú iṣẹ́ náà, onílù lòun náà, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa ò jìnnà síra. Ohun tí wọ́n rò ni pé awọ ara àti ibi inú etí tó ń jẹ́ ká lè dúró láìṣubú ló ń gba irú ohùn bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ kí orí tó gbọ́.

Kò sì ṣe tuntun. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ̀mbẹ́ rí mọ̀ pé àyà ló fi ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Àmọ́ ẹ wo DJ tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn dáadáa lọ́jọ́ míì. Ṣé ó kàn tẹ nǹkan tó sì ń wo fóònù ni? Mo tako o. Á máa gbójú sókè, á rí i pé àwọn ìyá ti ń rẹ̀, á gbé Obey sí i, á rí i pé àwọn ọmọdé ti ń lọ síta, á yí i. Ohun tí onígángan ń ṣe náà ló ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ni ò gùn tó, kò lè pe Àbẹ̀ní, kò lè sọ fún gìtá inú àwo pé kó rọlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yìí jó tán. Ẹ má sì gbé tábìlì àwọn àgbà sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà tó ga ju yín lọ, ẹ jọ̀ọ́. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ ní 2022 pé kí ariwo òde eré má kọjá dẹ́síbẹ̀lì 100 tí wọ́n bá pín in kárí, etí tó bá ti lọ kìí bọ̀.

*Ọ̀gá wa, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú bándì, a ń fi gbogbo agbára lù, òógùn ń bo wá, àwọn èèyàn á jókòó máa tẹ fóònù. Òde mẹ́ta léraléra báyìí. Fídíò wa rèé, kí là ń ṣe tí ò dáa? Àwa Ọmọ Bándì, Òṣogbo.*

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo wo fídíò yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ yín dáa. Ìbáwí ni mo fẹ́ fún yín sha.

Ẹ ò fàyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gìtá ń sọ̀rọ̀, kíbọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀, ẹni tó wà nídìí dúrọ́ọ̀mù ń yí i ní gbogbo ìgbà bí ẹni tí wọ́n ń san owó fún lórí iye ìgbà tó bá yí i, àkúbà (tó dùn mí jù) ò dákẹ́ rárá. Ibo lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹlòmíì gbà wọlé?

Ẹ mú agogo, tí ò bá sí, ìgò àti ṣíbí. Kọ́ń-kọ́ń-kólò, kọ́ń-kólò. Èyí tí àwọn bàbá wa fi ń dá ìlù láti ọjọ́ aláyé. Tẹ́ ẹ bá pín in sí àyè 12 tó dọ́gba, 7 ni agogo lù nínú ẹ̀, 5 ló dákẹ́. Ẹ wá dìde, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tó dọ́gba lórí 12 yẹn, kí ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí kọ́ń àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ kìíní bá agogo pàdé. Ẹsẹ̀ kejì, agogo ti dákẹ́. Ẹsẹ̀ kẹta, ó ti dákẹ́. Ẹsẹ̀ kẹrin, wọ́n tún pàdé. Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ méjì nínú mẹ́rin bọ́ sí ibi tí kò sí nǹkan kan, ẹni tó ń jó yẹn gan-an ló lu ibẹ̀! Tí ò bá jó, orin yẹn ò pé, ó dà bí ìgbà tí wọ́n kí yín ẹ káàárọ̀ tẹ́ ẹ dákẹ́, gbogbo ara ni yóò máa yún èèyàn títí á fi dáhùn. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ jẹgbádùn ẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa lọ ní mẹ́rin kí èjìká máa ka mẹ́ta lórí 12 kan náà, òun ló máa ń jẹ́ kó dà bíi pé àwọn ìyá wa ń rìn lórí omi tí wọ́n bá ń jó dùndún, èjìká ò sí níbi tí ẹsẹ̀ wà, kò sì sí èyí tó sọnù nínú méjèèjì.

Maria Witek àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2014, wọ́n gbé oríṣiríṣi ìlù fún àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n ní èwo ló ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ jó. Èyí tó tẹ́jú bí ọ̀nà ọ̀dà ò mú wọn, èyí tó lọ́jú pọ̀ bí igbó kìjikìji náà ò mú wọn, àárín ni. Ó gbọ́dọ̀ ya ọ̀nà díẹ̀ kí ara lè máa wá a, kò sì gbọdọ̀ yà débi pé ara ò ní rí i mọ́. Ẹ̀yin ti wọ igbó. Àwọn àgbà sì ti sọ tiwọn tẹ́lẹ̀, ìlù tó bá dún àdúnjù ò ní pẹ́ ya.

Onígángan yín kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó ń wo oníkíbọ́ọ̀dù. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ yí i padà. Lẹ́yìn orin kìíní, ẹ dúró, mo fi aago wò ó, ó fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tẹ́ ẹ fi ń tún gìtá ṣe tẹ́ ẹ sì ń pe ẹni tó ni mọ́tò kan kó lọ sún un kúrò lẹ́nu géètì, obìnrin mẹ́ta tó ti dìde padà lọ jókòó, wọ́n wà nínú fídíò yín níbẹ̀ ní apá òsì. Èèyàn lè tún gìtá ṣe o, kí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ má ṣáà dákẹ́, iná ìdáná ni wọ́n, ẹ kìí pa á torí pé ẹ fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ sì gbóná jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ Haruna Ìṣọ̀lá olórin àpàlà, kò sí gìtá, kò sí nǹkan tó ń ta bí ẹ̀tù, agídìgbo ń lọ nísàlẹ̀ bí ẹni tí ń ronú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń rọra ya, ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ má mi orí ká wò ó.

Ohun kan tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ríhásà, ẹ pe ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ bándì kó wá máa jó, ẹ ra ohun mímu fún un. Ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pàápàá, tó bá gbà. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ lẹ ti bà á jẹ́, ẹ padà síbẹ̀.

*Ẹ má tàn wá jẹ Alákúbà, owó ni. Torí kí wọ́n lè náwó fún wọn ni wọ́n ṣe ń jó. Ojú Ló Rí, Abẹ́òkúta.*

Owó máa ń ta epo sí i, mi ò ní purọ́, owó tí wọ́n ná fún wa wà lára ohun tó rán ọmọ mi níléèwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń jó ni wọ́n ń náwó fún, wọn kìí náwó fún ẹni tó jókòó. Òfin CBN ti 2007 sì sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lórí ẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ó kéré tán oṣù mẹ́fà tàbí kó san ó kéré tán ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀, láti 2024 ni EFCC sì ti ń gbé àwọn èèyàn lórí ẹ̀ gan-an. Mo ti lọ sí òde lẹ́yìn ìyẹn tó jẹ́ inú àpòòwé ni wọ́n ń kó owó sí fún ọlọ́jọ́ ìbí. Wọ́n ṣì jó di ìdájí.

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan, kò tíì lè dúró, àmọ́ tí wọ́n bá ti ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn mi níbẹ̀ ló ti máa ń fò. Ta ló kọ́ ọ? Ìyá Tuntun, Adó-Èkìtì.*

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Marcel Zentner àti Tuomas Eerola ṣe iṣẹ́ kan lórí àwọn ọmọ tó ti tó oṣù márùn-ún sí ọdún méjì, ó jáde ní 2010: tí wọ́n bá gbọ́ ìlù tàbí orin, wọ́n ń mira ju ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán lọ, èyí tí ìmira wọn bá sì bá ìlù mu jù ló ń rẹ́rìn-ín jù. Tiyín tún wà lẹ́yìn yín, ó ń jẹ ijó tiyín mọ́ tiẹ̀. Ẹ so ọ̀já yẹn le.

*Bàbá, mo ń gbé ní Houston, mo lọ sí Brazil lọ́dún tó kọjá, ní Salvador, àwọn ọkùnrin tó wọṣọ funfun ń kọjá lójú títì pẹ̀lú agogo, wọ́n ní ìlù "ijexá" ni. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n kí n tó bi ẹnikẹ́ni. Ṣé ojú inú mi ni? Àjàó, Texas.*

Kì í ṣe ojú inú yín. Ìjẹ̀ṣà náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé àwọn Filhos de Gandhy lẹ rí, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salvador ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1949, aṣọ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù, ìlù tí wọ́n ń lù nílé òrìṣà ni wọ́n gbé jáde sójú títì. Nílé òrìṣà tiwọn, ìlù mẹ́ta ni, rum, rumpi àti lé, rum ló tóbi jù, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ kì í wo ìlù ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí òrìṣà gùn ló ń wò, òun ló ń sọ fún ẹsẹ̀ yẹn pé yà síbí, dúró, yípo. Alabê ni wọ́n ń pe ọ̀gá onílù, ẹ pè é jáde lẹ́nu kẹ́ ẹ gbọ́ alágbè nínú ẹ̀. Ní Cuba, bàtá mẹ́ta ni tiwọn, èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ iyá ló ń jẹ́, ìyáàlù wa náà ni, òun ló ń pe, àwọn méjì tó kù, itótele àti okónkolo, ń dáhùn. Wọ́n ti kó àwọn èèyàn yẹn kúrò nílé láti ayé ẹrú, ọ̀pọ̀ nínú èdè ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, onílù tó ń wo ẹsẹ̀ oníjó ò já. Ìyẹn máa ń ṣe mí bákan tí mo bá rò ó.

*Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ máa ń jó? Oníbéèrè, Ìlọrin.*

Ọdún 19 yẹn, mi ò jó rí, onílù kìí ráyè. Tí mo bá lọ sóde báyìí, mo máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, torí iṣẹ́ kìí kúrò lójú èèyàn, màá máa ka àṣìṣe àwọn ọmọdé tó ń lùlù. Lọ́dún tó kọjá ní ìgbéyàwó kan ní Òkè-Àdó, mo wà nídìí ọbẹ̀ ewúrẹ́ mi báyìí, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ogún ọdún lọ gbé gángan bọ̀ láàárín tábìlì, mi ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, mo gbójú sókè mo rí i pé abẹ́ tábìlì ló ń wò. Ọmọ burúkú. Mo yára fẹ́ ká ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn, ó ti pẹ́ jù. Ó fún ìlù mọ́ abẹ́ apá, ó ní dò-dò-mí. Àlàbí loríkì tèmi. Mo mọ̀ dáadáa pé kò lè mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún yín lókè yìí. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀ mo dìde, àwọn ọkùnrin mẹ́ta míì náà ti dìde lórí tábìlì kan náà, a ń wojú ara wa.